Yàrá Tí Ẹnikẹ́ni Ò Fẹ́ ni Normande Ń Wá

Orí àga mi ni Normande wà lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ sọ ọ́ jáde. Aṣerunlóge ni mí ní Les Escoumins, ìlú kékeré kan létí odò ńlá, yàrá ìsàlẹ̀ ilé mi ni mo fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí mo bá sì ti da omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí lórí, kò sí ohun tí ẹnu rẹ̀ ò ní sọ. Mo mọ ẹni tó ń bá ọkọ rẹ̀ yan odì. Mo mọ ẹni tó ti ta ọkọ̀ ìpẹja rẹ̀ tí ìyàwó ò tíì gbọ́. N kì í tún un sọ. Ti Normande Desbiens nìkan ni mo máa sọ, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló ní kí n máa sọ ọ́ kiri, ó ní bóyá àwọn obìnrin yòókù létí odò yìí á fi kọ́gbọ́n.

"Odile," ló wí, ó ti di ojú, "mo fẹ́ lọ sí Québec."

Ọwọ́ mi dúró nínú irun rẹ̀. "Wọ́n tún ti pè ọ́?"

"Ẹnikẹ́ni ò pè mí. Ohun tí mo ń sọ gan-an nìyẹn. Mo fẹ́ lọ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò pè mí."

Kí ẹ tó lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wúwo tó, ẹ ní láti mọ̀ pé fún àwa tá à ń gbé etí odò ńlá lápá àríwá yìí, ọsibítù ni Québec. Bí ẹnìkan bá ní, "Mò ń lọ sí Québec lọ́la," ohùn àwọn tó wà nítòsí á rẹlẹ̀, wọ́n á ní kí Ọlọ́run ṣe é ní rere. Ìlú tí àwọn èèyàn ń wọ bàálù láti òkè òkun wá wò, tí odi òkúta yí ká láti ayé àwọn baba ńlá wa tó kọ́kọ́ gbé èdè Faransé dé ilẹ̀ yìí, tí àwọn àlejò ń ya fọ́tò gbogbo igun rẹ̀, àwa ò mọ̀ ju ibi tí wọ́n ti ń ya fọ́tò eegun wa lọ.

Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn ni jẹjẹrẹ mú Normande ní ọmú. Èmi ni mo fá orí rẹ̀ nígbà tí irun bẹ̀rẹ̀ sí í já sí mi lọ́wọ́. Mo ti ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, mo fá a, nígbà tó sì lọ tán mo jókòó sórí àga tó dìde kúrò lórí rẹ̀, mo sunkún. Láti ìgbà yẹn ló ti ń lọ tó ń bọ̀. Nígbà míì, ilé àwọn aláìsàn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọsibítù ló máa ń sùn. Nígbà míì, àga gbọọrọ inú yàrá ìsàlẹ̀ ilé Réjeanne ni. Réjeanne ni ẹ̀gbọ́n Lucien ọkọ rẹ̀, ó ń gbé ní Limoilou, ní ẹsẹ̀ òkè tí ìlú àtijọ́ náà wà lórí rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sì sọ èyí kó yé yín: láàárín wa, ẹni tó bá ní ẹbí ní Québec tó wá lọ sanwó òtẹ́ẹ̀lì ti bú ẹbí náà ní gbangba. A kì í ṣe é. Wàá sùn lórí àga náà, ẹ̀yìn á máa ro ọ́, wàá sì jí láàárọ̀, wàá ní oorun náà dùn.

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?" mo bi í.

"Mo fẹ́ sùn nínú odi. Oorun alẹ́ méjì, èmi àti Lucien. Gbogbo ìgbà tí mo bá lọ ni wọ́n máa ń so nǹkan mọ́ mi lọ́rùn ọwọ́, wọ́n á kọ orúkọ mi sí i bíi pé mo fẹ́ sọnù. Mo fẹ́ rìn nínú ìlú yẹn bí èèyàn lásán, Odile. Kí wọ́n tó tún yẹ̀ mí wò ni mo sì fẹ́ lọ. Bí mo bá dúró dìgbà tí wọ́n yẹ̀ mí wò tán, tó bá jẹ́ pé nǹkan burúkú ni wọ́n rí, bí mo bá tiẹ̀ lọ, ojú mi ò ní rí nǹkan kan níbẹ̀."

Mo fọ ọṣẹ kúrò lórí rẹ̀.

"Ṣé Lucien ti gbọ́?"

"Tí mo bá ti rí yàrá tí kò wọ́n ni màá sọ fún un. Tó bá gbọ́ ṣáájú ìyẹn, ìbẹ̀rù owó á pa á, opó ni màá dà kí n tó lọ."

Èèyàn rere ni Lucien o. Ó wa ọkọ̀ agbégẹdú títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ní òun ò ṣe mọ́, òun ló sì máa ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu ọ̀nà gbogbo opó àdúgbò wa láìgba nǹkan kan lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀fẹ́ ni àìsàn tirẹ̀. Ohun tó bá ti jẹ́ ọ̀fẹ́, á ti nawọ́ gbà á kó tó béèrè pé kí ni. Ẹ lọ wo gáráàjì rẹ̀. Kàlẹ́ńdà tí ilé ìtajà ń pín ló wà níbẹ̀, àti fìlà ilé epo, àti ike ọ̀dà òfìfo tó ga kan àjà. Ọkùnrin yìí ni Normande fẹ́ mú lọ sùn sí òtẹ́ẹ̀lì.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ bí ẹni tó ń lọ sógun. Ó kọ́kọ́ wo ìgbà ooru. Owó yàrá kan nínú odi nígbà yẹn tó ohun tí òun àti Lucien á fi jẹun di òpin oṣù. Ìsinmi àwọn kọ́lékọ́lé ní oṣù keje, nígbà tí ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ń tì, tún burú ju ìyẹn lọ, torí gbogbo wa la máa ń bọ́ sójú títì lẹ́ẹ̀kan náà bí eèrà. Nígbà tí ewé bá ń pọ́n lórí igi, àwọn ọkọ̀ ojú omi ńláńlá ti kó àlejò dé. Lóṣù kejì, ọdún yìnyín ni, wọ́n á máa jó nínú òtútù, owó yàrá náà á sì máa bá wọn jó. Ó pa gbogbo rẹ̀ tì. Ó wá bi ara rẹ̀ ní ohun tí mi ò gbọ́ lẹ́nu arìnrìn-àjò kankan rí: ìgbà wo ni ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ lọ síbẹ̀?

"Oṣù kọkànlá," ló sọ fún mi.

"Oṣù tí a fi ń rántí àwọn òkú? Ewé ti tán, yìnyín ò tíì dé, ojú ọ̀run rí bí omi tí wọ́n fi fọ abọ́. Ta ní ń lọ sí Québec lóṣù kọkànlá?"

"Ẹni tí kò lówó tó sì fẹ́ sùn nínú odi."

"Òjò á pa yín."

"Òjò ń pa olówó náà. Àárín ọ̀sẹ̀ la sì máa lọ, nígbà tí àwọn onímọ́tò ìparí ọ̀sẹ̀ bá ti padà sílé."

Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ṣọ́ọ̀bù mi ló ti ń pe gbogbo àwọn tó fẹ́ pè, torí ilé tirẹ̀ ni etí Lucien wà. Ó ti wo iye owó lórí ayélujára, ó sì ní àwọn tó ń bá òtẹ́ẹ̀lì polówó níbẹ̀ ń gba tiwọn lórí rẹ̀, pé ó sàn kéèyàn pe onílé fúnra rẹ̀. Ọ̀dà irun wà lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tó pe Monsieur Anctil, ọkùnrin kan tó ní ilé àlejò kékeré kan lójú òpópónà tóóró kan nínú odi. Ó gbé ohùn fóònù náà sókè kí èmi náà lè gbọ́.

"Ẹ káàárọ̀ o, Monsieur. Yàrá wo lẹ ní tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́?"

"Madame, mi ò gbọ́ yín dáadáa."

"Ẹ gbọ́ mi. Kò sí ilé àlejò tí kò ní yàrá tí wọ́n máa ń fún ẹni tó bá pẹ́ dé. Òun ni mò ń béèrè."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó wà lókè pátápátá, lábẹ́ òrùlé. Àtẹ̀gùn tẹ́ ẹ máa gùn débẹ̀, ẹ máa rò pé orí igi lẹ̀ ń lọ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni balùwẹ̀ wà, ẹ̀yin àtàwọn ará yàrá yòókù lẹ jọ máa lò ó. Ẹni tó bá ga máa forí gbá òpó àjà. Agogo ṣọ́ọ̀ṣì sì wà nítòsí, ó máa ń tètè lù."

"Ọkọ mi ò ga, àwa méjèèjì sì máa ń tètè jí. Fèrèsé ńkọ́?"

"Òrùlé lẹ máa rí. Tẹ́ ẹ bá yọrí síta, ẹ máa rí odò díẹ̀."

"Ṣé inú odi ni ṣá?"

"Inú odi ni, Madame. Tẹ́ ẹ bá ju búrẹ́dì láti ojú fèrèsé, ara odi ló máa bà."

"Ó dáa. Ẹ dá owó rẹ̀ lé e báyìí, kẹ́ ẹ rántí pé oṣù kọkànlá la wà, àti pé ẹ ò ní rí ẹlòmíì fún un."

Ó dá owó lé e. Normande ò fèsì. Ó kàn jókòó, ọ̀dà ń kán sí i lọ́rùn, ó ń wo ara rẹ̀ nínú dígí. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn pẹ́ débi pé èmi gan-an fẹ́ bá a sanwó. Ọkùnrin náà wú ikọ́, ó sì já owó náà wálẹ̀. "Ṣùgbọ́n kò sí oúnjẹ àárọ̀ níbẹ̀ o," ló wí.

"Mo ní ẹyin tèmi," Normande dá a lóhùn, ó sì sanwó alẹ́ àkọ́kọ́ lójú ẹsẹ̀.

Ó ku ibi tí wọ́n máa gbé mọ́tò sí. Owó tí wọ́n ń gbà lórí mọ́tò nínú odi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti fi gba yàrá míì fún mọ́tò fúnra rẹ̀. Ọgbà ilé Réjeanne nìkan ni ibi ọ̀fẹ́, bọ́ọ̀sì sì ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ lọ sókè. Ẹ wá wò ó: obìnrin tó fẹ́ sá fún àga Réjeanne ló tún máa tọrọ ọgbà lọ́wọ́ Réjeanne.

"Ṣé àga mi ti ń gún yín ní abẹ́rẹ́ ni?" Réjeanne wí lórí fóònù, bó ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ náà tán. "Ọdún mẹ́rin lẹ fi sùn lórí rẹ̀, ẹ ò sọ nǹkan kan."

"Àga rẹ ò ṣe wá ní nǹkan kan, Réjeanne. Inú odi ni mo fẹ́ sùn."

"Kí ló wà níbẹ̀? Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń gbé ìsàlẹ̀ òkè yìí, mi ò sùn níbẹ̀ rí. Àlejò ni wọ́n ń rẹ́ jẹ níbẹ̀. Lucien náà gbà?"

"Lucien ò tíì gbọ́."

Réjeanne bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó mọ àbúrò rẹ̀. "Ó dáa, ẹ gbé mọ́tò wá. Ṣùgbọ́n ìgò ìgbín òkun méjì lẹ máa fi sanwó ọgbà, èyí tí o máa ń rì sínú ọtí kíkan yẹn, kì í ṣe ti inú ṣọ́ọ̀bù." Bí wọ́n ṣe parí ìjà náà nìyẹn.

Normande wá sọ fún Lucien. Ó ní kí ló dé tí àwọn ò fi ní sùn lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun, ṣé wọ́n ń kọ ọ̀fẹ́ ni. Normande ní òun ti sanwó alẹ́ àkọ́kọ́, onílé kì í sì í dá a padà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tán sí. Lucien lè kọ̀ láti náwó, ṣùgbọ́n kò lè fojú wo owó tí wọ́n ti ná kó ṣòfò.

Ó ku ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n lọ ni ọsibítù pè. Ọjọ́ àyẹ̀wò ti dé. Ọjọ́ wo? Ọjọ́rú, ọjọ́ tó bọ́ sí àárín gbùngbùn àlọ wọn.

Inú Lucien dùn bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́. "Ṣé o rí bí Ọlọ́run ṣe ń ṣe nǹkan? Ìjọba á san owó epo fún wa, torí ọ̀nà wa jìn. Ilé àwọn aláìsàn á gbà wá, ọbẹ̀ wọn sì gbóná. Gbogbo rẹ̀ á di ọ̀fẹ́. Tó bá wù ẹ́, lọ́sàn-án, màá fi mọ́tò gbé ẹ yí inú odi ká."

Normande ò bá a jiyàn. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, ó pe nọ́ọ̀sì, ó ní kí wọ́n bá òun yí ọjọ́ náà padà. Nọ́ọ̀sì ní kó jẹ́ kí òun bi dókítà. Nígbà tó pè padà, ó ní dókítà ní kò léwu, pé ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e dára, kó má ṣáà ju ìyẹn lọ. Ọjọ́ mélòó kan péré ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí Lucien gbọ́, ilé náà gbóná. A gbọ́ ohùn rẹ̀ lódìkejì títì, ọkùnrin tí kì í pariwo.

Lọ́jọ́ kejì, òun fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi. Ọkùnrin kì í wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó di fìlà rẹ̀ mú.

"Odile, tìẹ ló máa ń gbọ́. Bá mi sọ fún un."

"Kí n sọ kí ni? Pé kó lọ gba ọbẹ̀ ọ̀fẹ́?" Inú ti ń bí mi láti àná. "Lucien, obìnrin yìí ti gba ọ̀fẹ́ fún ọdún mẹ́rin. Abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́, ẹ̀rọ ọ̀fẹ́, aṣọ ọsibítù tó ṣí sílẹ̀ lẹ́yìn, ọ̀fẹ́ nìyẹn náà. Ẹnu ẹni la fi ń kọ 'mi ò jẹ'. Ó ti kọ̀ ọ́."

"Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó."

"Ọ̀rọ̀ kí ni?"

"Tí wọ́n bá rí nǹkan ńkọ́? Tí dókítà wá ní ká ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá la ti wá ni? Màá máa rántí pé orí bẹ́ẹ̀dì òtẹ́ẹ̀lì ni mo wà. Ẹ̀rù ń bà mí, Odile. Láti ọdún mẹ́rin lẹ̀rù ti ń bà mí."

Ìbínú mi lọ. Mo fa àga fún un, ó jókòó níbi tí ìyàwó rẹ̀ máa ń jókòó. "Dókítà ti ní kò léwu," mo wí. "Ẹ̀rù tó ń bà ẹ́ yẹn, òun náà ló ń bà á. Lọ sọ fún un. Má fi owó epo bò ó mọ́lẹ̀."

"Mi ò ní wa mọ́tò lọ," ló wí, ó sì dìde. Orí kunkun wọn dọ́gba, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n bára wọn kalẹ́.

Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, koko ló ń le sí i. Normande lọ ra tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì, ẹyọ kan. Ó gbé e sórí tábìlì níwájú Lucien. "Èèyàn méjì ni mo gba yàrá fún," ló sọ fún un. "Bọ́ọ̀sì, ẹnì kan. Ìwọ lo mọ bí o ṣe máa dé ibẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo bá a dúró níwájú ilé epo níbi tí bọ́ọ̀sì ti máa ń gbé èrò. Ó di ẹyin bíbọ̀, búrẹ́dì, páì ẹran kan odindi àti ìgò ìgbín òkun méjì sínú páálí. Kò bojú wẹ̀yìn. Èmi ni mò ń wẹ̀yìn. Lucien ò yọjú. Bọ́ọ̀sì dé, ó gùn ún, ó juwọ́ sí mi láti ojú fèrèsé bí ẹni tó ń lọ sójà. Mo darí sílé, mo ń bú Lucien lójú ọ̀nà, mi ò fi ìran rẹ̀ kankan sílẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ẹnu àwọn fúnra wọn ni mo ti gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ wọn ò sì ta kora.

Ní Tadoussac, bọ́ọ̀sì àti mọ́tò gbogbo ló máa ń wọ ọkọ̀ ojú omi kọjá ẹnu odò Saguenay. Normande sọ̀ kalẹ̀ láti gba atẹ́gùn. Lucien ló rí tó dúró ti irin ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, ó fa fìlà bo etí, mọ́tò wọn wà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì gan-an.

"Táyà yìnyín ni mò ń fi sí i," Lucien wí. "Ìyẹn ló dá mi dúró."

Normande wo táyà náà. Lóòótọ́ ni, ó ti pààrọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. "Ẹ̀rù ṣì ń bà ẹ́?"

"Ó ń bà mí."

"Èmi náà."

Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ títí ọkọ̀ fi fẹ́ gúnlẹ̀. Lucien wá ṣílẹ̀kùn mọ́tò fún un. Normande ní, "Mo ti sanwó bọ́ọ̀sì."

"Ní kí wọ́n dá a padà."

"Wọn kì í dá a padà."

Lucien rò ó wò, ó sì rí i pé òótọ́ ni. Bí obìnrin yìí ṣe padà sínú bọ́ọ̀sì nìyẹn, tí ọkọ rẹ̀ sì ń wa mọ́tò òfìfo tẹ̀ lé bọ́ọ̀sì náà dé Québec, kí owó tíkẹ́ẹ̀tì má bàa ṣòfò. Bí ẹ bá lè rí tọkọtaya míì tó lè ṣe bẹ́ẹ̀ níbòmíì, ẹ wá sọ fún mi.

Yàrá náà rí bí Anctil ṣe wí. Lucien ò ga, síbẹ̀ ó forí gbá òpó àjà kó tó gbé ẹrù sílẹ̀. Normande ṣí fèrèsé, ó yọrí síta, ó rí odò náà, ó ní kò kéré rárá, pé ọkùnrin yẹn ò mọ ọjà rẹ̀ polówó. Onílé bá wọn gbé páì kaná nínú ilé ìdáná tirẹ̀, wọ́n sì bù fún un. Òjò rọ̀. Wọ́n rìn nínú òjò náà, lójú títì olókùúta tí kò sí àlejò kankan lórí rẹ̀, bíi pé àwọn nìkan ni wọ́n kọ́ ìlú náà fún. Wọn ò wọ ẹ̀rọ tó ń gbé èèyàn gun òkè, àtẹ̀gùn ni wọ́n gùn. Nígbà tí òtútù mú wọn, Normande wọ inú òtẹ́ẹ̀lì ńlá tó rí bí ààfin lórí òkè, ó jókòó sórí àga tìmùtìmù ní gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀, ó bọ́ bàtà rẹ̀ díẹ̀.

Ọmọkùnrin kan tó wọṣọ iṣẹ́ tọ̀ ọ́ wá. "Madame, ṣé ẹ̀ ń dúró de ẹnìkan ni?"

"Rárá o. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí, mo rìn púpọ̀." Ọmọ náà tẹríba, ó lọ. Lucien sọ fún mi pé òun ti múra láti sá.

Lọ́jọ́ kejì ni Réjeanne wọ bọ́ọ̀sì gòkè wá. Ó ní bẹ́ẹ̀dì lòun kàn fẹ́ yẹ̀ wò, torí ẹ̀yìn tó ń dun àbúrò òun. Ó gun àtẹ̀gùn náà pẹ̀lú èébú. Ó tẹ bẹ́ẹ̀dì lọ́wọ́, ó jókòó sí i, ó nà sí i kó lè mọ̀ dájú, ló bá sùn lọ. Normande àti Lucien jókòó sílẹ̀, wọ́n ṣí ìgò ìgbín òkun tó yẹ kó jẹ́ owó ọgbà, wọ́n fi búrẹ́dì jẹ ẹ́. Ibẹ̀ ni Lucien ti sọ fún ìyàwó rẹ̀ gbogbo ohun tó sọ fún mi nínú ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má bàa jí. Ó ní òun ò rántí ìgbà tí àwọn jókòó sílẹ̀ jẹun kẹ́yìn.

Lọ́jọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n tún padà sí Québec, ọsibítù lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀, dókítà pè wọ́n lọ́sàn-án. Dókítà obìnrin náà kì í fọ̀rọ̀ dọ́gbọ́n. Ó ní òun rí nǹkan kékeré kan nínú fọ́tò. Ó lè jẹ́ àpá, ó sì lè má jẹ́ àpá. Kò sí ohun tí wọ́n máa fọwọ́ kàn báyìí, ṣùgbọ́n àwọn gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ ọ. Kó padà wá nígbà tí yìnyín bá ń yọ́.

Lucien wo ìyàwó rẹ̀, ó ń retí pé á sunkún, kó lè dì í mú, kí òun náà lè rí àyè sunkún tirẹ̀.

"Oṣù kẹrin tàbí oṣù karùn-ún?" Normande béèrè.

Dókítà bojú wo ẹ̀rọ rẹ̀. "Oṣù karùn-ún lẹ̀rọ wa ń fún mi."

"Oṣù karùn-ún kọ́, dókítà. Àwọn ọkọ̀ ojú omi ńlá ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í dé, yàrá á ti wọ́n. Ẹ wò ó lóṣù kẹrin, lẹ́yìn Àjíǹde. Kó jẹ́ àárín ọ̀sẹ̀. Kó má sì jẹ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ tí a bá dé, torí ọjọ́ yẹn la máa ń rìn."

Dókítà wò ó, ó wo Lucien. Ọdún mẹ́rin ni òun ti fi ń yan ọjọ́ fún Normande. Ó na ọwọ́ sí ẹ̀rọ tó wà lórí tábìlì, ó sì yí ojú ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀ Normande kó lè fúnra rẹ̀ mú èyí tó bá wù ú.